Ìkòkò Kọfí Mẹ́rin, Imú Kan

Ọdún méjìlélógún ni Ìyá Ìbejì ti ń fi imú jẹun. Kì í ṣe pé ó ń gba ihò imú gbé òkèlè mì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa tọ́ kọfí wò ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń yan án: á gbóòórùn rẹ̀, á fà á sẹ́nu fòròrò bí ẹni tí ọbẹ̀ gbígbóná jó lẹ́nu, á tu ú sínú garawa, á wá kọ nọ́ńbà sínú ìwé. Nọ́ńbà yẹn ni àṣẹ. Bí ó bá kọ mẹ́jọ, wọ́n á já ẹrù sílẹ̀. Bí ó bá kọ mẹ́rin, ọkọ̀ tó gbé e wá á yí orí padà tòun tẹrù rẹ̀. Àwọn awakọ̀ kan wà tí wọ́n ti máa ń kí i láti ẹnu géètì, "Màmá, ẹ mà ń dán o," bí ẹni pé ìkíni lè mú kọfí tó ti bu dùn.

Ilé rẹ̀ náà ń sin imú ọ̀hún. Ẹnikẹ́ni kì í dín àlùbọ́sà níbẹ̀ kó tó di ọ̀sán. Ọṣẹ tí kò lóòórùn ni wọ́n fi ń fọṣọ. Ọkọ rẹ̀, Bàbá Ìbejì, tó jẹ́ onígbàjámọ̀ ní ìkángun òpópónà, ní láti fi gbogbo lọ́fíńdà rẹ̀ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, kí ó fọ ọwọ́ àti ọrùn lẹ́nu ẹ̀rọ omi ẹ̀yìnkùlé, kí ó tó wọlé bí èèyàn. Àwọn ìbejì ti dàgbà, kálukú ti gba ilé tirẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí àwọn méjèèjì ṣe nílé tuntun, láìgbìmọ̀ pọ̀, ni pé wọ́n dín àlùbọ́sà láàárọ̀ kùtùkùtù.

Imú tí gbogbo wọn ń sìn yìí ló wá kú.

Òfìnkìn lásán ni. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi bá Ìyá Ìbejì fínra, ó sì kẹ́rù rẹ̀, ó lọ. Àmọ́ bó ti ń lọ, ó kó òórùn ayé mọ́ ẹrù. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, obìnrin náà ṣí agolo kọfí, ó ki imú bọ̀ ọ́ títí agolo fi kan án nípèǹpéjú. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó gbé ọṣẹ, kò gbọ́. Ó gbé kànìnkànìn ìfọwọ́, kò gbọ́. Ó wò yíká pé kò sẹ́ni tó ń wo òun, ó wá gbé bàtà ọkọ rẹ̀, èyí tó máa ń wọ̀ dúró láti àárọ̀ dalẹ́, ó mí kanlẹ̀ sínú rẹ̀. Bàtà náà dákẹ́ mọ́ ọn lójú. Ìgbà yẹn ló jókòó sórí ibùsùn.

Ní báyìí, ó ti pé ọjọ́ mẹ́wàá. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ sì ni wọ́n máa gbé ife mẹ́wàá kalẹ̀ lórí tábìlì gígùn, níṣojú àwọn tó fẹ́ ta kọfí fún wọn, kí Ìyá Ìbejì tọ́ ọ wò, kí ó sọ èyí tí ilé iṣẹ́ máa yan ní gbogbo ọdún. Ìyẹn ló fi wà nílé: ọ̀sẹ̀ tó bá ṣáájú ọjọ́ náà, wọn kì í jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́, kí ahọ́n rẹ̀ lè sinmi. Bí wọ́n bá mọ̀ pé imú ti lọ, àga rẹ̀ lọ nìyẹn. Ẹni tó jẹ́ pé imú nìkan ló kọ́ níṣẹ́, kí ló tún fẹ́ lọ kọ́ ní ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta?

Kò sọ fún ọkọ rẹ̀. Kì í ṣe pé kò fọkàn tán an. Onígbàjámọ̀ ni. Ohun tó bá mọ̀ ní agogo mẹ́jọ, òpópónà á ti mọ̀ ọ́n ní mẹ́sàn-án, pẹ̀lú àfikún.

Ètò tó ṣe nìyí. Ó ní ìkòkò kọfí mẹ́rin nílé, oríṣiríṣi, nítorí ẹni tó bá ń tọ́ kọfí wò, ìkòkò kọfí ni gbogbo ayé máa fi ń ta á lọ́rẹ títí tó fi máa kú. Ó ní bóyá ọ̀kan nínú wọn á lágbára tó láti kan ilẹ̀kùn imú òun. Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Kọfí kan náà, omi kan náà, ìkòkò mẹ́rin.

Àkọ́kọ́ ni ìkòkò pẹẹrẹ tó ní ọwọ́ igi, àgbà gbogbo wọn. Omi àti kọfí lílọ̀ ni wọ́n jọ ń hó nínú rẹ̀. Bó bá ti fẹ́ ru jáde, èèyàn á gbé e kúrò lórí iná. Bó bá ti rọlẹ̀, èèyàn á dá a padà, ẹ̀ẹ̀mẹta. Kọfí inú rẹ̀ ki, ẹni tó bá sì mu ún dé ìsàlẹ̀ á fi eyín parí rẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni àpò aṣọ tó so mọ́ irin róbótó. Inú rẹ̀ ni kọfí máa ń wà, èèyàn á máa da omi gbígbóná yí i po díẹ̀díẹ̀, á máa kán sínú ife, tó, tó, tó. Ẹni tó bá ń kánjú kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Kọfí rẹ̀ mọ́ kedere, ó fúyẹ́, ó dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá aláìsàn. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni jọ́ọ̀gì gíláàsì onítẹ̀. Wọ́n á rẹ kọfí sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, wọ́n á wá fi asẹ́ orí ọ̀pá tẹ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ wọnú ìsàlẹ̀. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá fi agbára tẹ̀ ẹ́, àyà ara rẹ̀ ló máa mu kọfí náà. Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin ni kẹ́tùlù alájà méjì: omi ń gbé ìsàlẹ̀, kọfí ń gbé àárín, bí iná bá sì ti dé ìdí omi, á sáré gba àárín kọfí kọjá, á gorí òkè lọ jókòó pẹ̀lú ìkùnsínú. Kọfí òkè yìí korò bí ẹjọ́ àna.

Imú kò dá èyíkéyìí nínú wọn lóhùn. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń mu wọ́n, ó kíyè sí i pé ahọ́n ṣì wà láàyè. Ó ń mọ kíkorò, ó ń mọ kíkan, ó ń mọ ìwúwo. Ti ìkòkò pẹẹrẹ máa ń fi iyanrìn sí i láàárín eyín. Ti àpò aṣọ kì í fi nǹkan kan sílẹ̀. Ti jọ́ọ̀gì máa ń fi òróró ra ètè. Ti kẹ́tùlù máa ń já ahọ́n jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tó máa fi di ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó lè dijú, kí ó dárúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìṣì. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Ó mọ̀ dáadáa pé lọ́jọ́ Ẹtì, ìkòkò kan ṣoṣo ni wọ́n máa fi ṣe ife mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, pé òórùn nìkan ló máa yà wọ́n sọ́tọ̀. Ó gbé ìmọ̀ yẹn sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó da aṣọ bò ó.

Bàbá Ìbejì ń wo gbogbo èyí.

"Ìyá Ìbejì, ìkòkò mẹ́rin láàárọ̀ kan ṣoṣo?"

"Mò ń wo èyí tó dáa jù nínú wọn ni."

"Lẹ́yìn ọdún méjìlélógún. Ṣé kọfí ti yíwà padà ni?"

"Ẹ gbà, ẹ mu eléyìí."

Ó mu ún. "Ó gbóná."

"Mo mọ̀ pé ó gbóná. Báwo ló ṣe rí?"

"Ó rí dúdú."

"Òórùn rẹ̀ ńkọ́?" Ó rọra bi í ni, ó ń wo ibòmíràn.

"Òórùn kọfí ni. Àbí kí lo fẹ́ kó máa rùn, ẹja?"

Ọkùnrin náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń ronú. Obìnrin tó ń se kọfí ife mẹ́rìndínlógún lóòjọ́, tó sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, kò lè ṣe lásán. Kó tó débẹ̀, ó ti rí ìdáhùn: ìyàwó òun fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó fẹ́ ṣí ibi tí wọ́n ti ń mu kọfí, ojú ń tì í láti bèèrè iwájú ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ òun. Inú rẹ̀ dùn dé ẹ̀yìn. Ó mú okùn, ó wọn iwájú ṣọ́ọ̀bù náà, ó rí i pé tábìlì mẹ́ta á gbà á bí ẹnikẹ́ni kò bá na ẹsẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, àfi àwọn tó wá gẹrun.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ kọfí wá gẹrun.

Irun orí ọ̀gá àgbà kò ju èyí tó yí etí ká lọ, ṣùgbọ́n ó máa ń wá gẹ̀ ẹ́ lọ́sẹ̀ méjì-méjì nítorí àtijẹ́ ọ̀gá. Bàbá Ìbejì gẹ ọ̀tún tán, ó rìn yí i, ó ní, "Ọ̀gá, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi máa mu kọfí lórí àga yìí kan náà. Ìyá Ìbejì ti ń palẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n n kò sọ fún yín o."

Ọ̀gá àgbà dìde. Aṣọ ìgẹrun funfun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, òsì orí rẹ̀ ṣì wà bí Olúwa ṣe dá a, ó sì gba ẹnu ọ̀nà jáde. Bàbá Ìbejì tẹ̀ lé e pẹ̀lú kílípà lọ́wọ́. Àwọn tó rí wọn lọ́nà rò pé ọkùnrin náà jẹ onígbàjámọ̀ lówó, wọ́n sì yà fún un.

Nígbà tí Ìyá Ìbejì ṣí ilẹ̀kùn, tó rí ìdajì irun yẹn, ó gbà pé àṣírí imú ti tú.

"Ìyá Ìbejì," ni ọ̀gá àgbà wí, "òótọ́ ni àbí irọ́?"

"Ọ̀gá, ẹ wọlé kí ẹ jókòó. Mo ti fẹ́ fi tó yín létí."

"Òótọ́ ni nígbà náà. Lẹ́yìn gbogbo ọdún yìí. Ẹ fẹ́ pa mí ni?"

"Kì í ṣe ẹ̀bi mi, ọ̀gá. Ó kàn dé bá mi ni."

"Tábìlì mẹ́ta ló máa kọ́kọ́ jẹ́," ni Bàbá Ìbejì dá sí i. "Bó bá yá, a lè sún dígí ṣẹ́yìn."

Ìyá Ìbejì yíjú sí i. "Tábìlì mẹ́ta wo?"

Ó gbà wọ́n ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti tú ọ̀rọ̀ náà, Ìyá Ìbejì kò sì dárúkọ imú. Nígbà tí ọ̀gá àgbà gbọ́ pé kò sí ṣọ́ọ̀bù kankan, ó fi aṣọ ọrùn rẹ̀ nu ojú, ó mí. Bàbá Ìbejì, tí ibi ìmukọfí rẹ̀ wó kí wọ́n tó kọ́ ọ, ní láti wá nǹkan mìíràn tí yóò fi yangàn.

"Kò burú. Ṣùgbọ́n ọ̀gá, ẹ ò tíì rí nǹkan. Ẹ lọ wo kíṣìnnì, ìkòkò mẹ́rin. Mo ti rí i tó ń dijú mu ún, tó ń dárúkọ wọn bí ẹni ń pe ọmọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sè é. Ká di í lójú."

"Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Ẹ jẹ́ ká rí i," ni ọ̀gá àgbà wí, ó sì ti jókòó.

Wọ́n fi táwẹ́ẹ̀lì onígbàjámọ̀ dì í lójú. Láti pálọ̀, wọ́n ń gbọ́ tí ìkòkò ń kọ lu ìkòkò ní kíṣìnnì, tí nǹkan kan jábọ́, tí ẹnì kan ń bá nǹkan náà wí. Ó pẹ́. Ọkùnrin náà padà wá, ó pa ilẹ̀kùn kíṣìnnì dé, ó to ife mẹ́rin kalẹ̀.

Ẹ̀rù kò ba Ìyá Ìbejì púpọ̀. Ó fa ti àkọ́kọ́ sẹ́nu. Kò sí iyanrìn. Àpò aṣọ nìyí, ló sọ lọ́kàn ara rẹ̀. Ó fa èkejì. Kò sí iyanrìn níbẹ̀ náà. Ó fi ahọ́n wá òróró káàkiri ètè, kò rí i. Ó fa ẹ̀kẹta. Kò sí nǹkan kan. Ẹ̀kẹrin, ó gbé e sẹ́nu títí ó fi tutù, ó ń dúró kí ó já òun jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahọ́n. Kò já a jẹ. Ó gbé ife sílẹ̀. Ahọ́n náà ti lọ. Òfìnkìn ti padà wá kó èyí tó ṣẹ́kù.

Ó tú táwẹ́ẹ̀lì. Àárẹ̀ ló mú kí ó sọ̀rọ̀, kì í ṣe ìgboyà.

"Ọ̀gá, bákan náà ni gbogbo wọn lẹ́nu mi. Mi ò rí ìyàtọ̀ kankan."

Bàbá Ìbejì ń wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ má bínú," ló wí níkẹyìn. "Ìkòkò pẹẹrẹ ru pa iná. Jọ́ọ̀gì yẹn fẹ́ fò mọ́ mi láyà. Ti àpò aṣọ nìkan ló gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, mo bá pín in sí ife mẹ́rin. Mo rò pé ẹ ò ní mọ̀."

Ọ̀gá àgbà dìde dúró, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ Ìyá Ìbejì mú. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti wà nídìí kọfí," ló wí. "Gbogbo atọ́wò tí mo mọ̀, bí ẹ bá gbé ife mẹ́rin fún wọn, ìtàn mẹ́rin ni wọ́n máa sọ. Ẹ̀yin nìkan lẹ lẹ́nu láti sọ pé ọ̀kan ni. Láti ọjọ́ Ẹtì lọ, ẹ̀yin ni olórí gbogbo atọ́wò tí mo ní. Ohun tí ẹ bá kọ, ẹnikẹ́ni kò ní tún un tọ́ wò."

Bàbá Ìbejì jáde lọ gbọn irun ara aṣọ ìgẹrun dànù lẹ́nu ọ̀nà, kí ó má baà sọkún níṣojú oníbàárà. Ó ku Ìyá Ìbejì àti ọ̀gá àgbà.

Ìyá Ìbejì rí i pé ohun tí òun ń wá láti ọjọ́ méjìlá ti bọ́ sí òun lọ́wọ́, ju bí òun ṣe wá a lọ. Kò sì lè gbé e mì.

"Ọ̀gá, imú mi ti kú," ló wí. "Mi ò gbóòórùn nǹkan kan. Ó pé ọjọ́ méjìlá lónìí."

Ọ̀gá àgbà rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọgbọ́n béèrè. Ẹ sọ èyí tí ẹ fẹ́. Yàrá tiyín ni? Àga onítìmùtìmù?"

"Mi ò béèrè nǹkan kan. Mo ní mi ò gbóòórùn."

"Ṣé ẹni tí kò gbóòórùn ló mọ̀ pé ife mẹ́rin jẹ́ ọ̀kan?"

"Ẹni tí kò gbóòórùn ni ife mẹ́rin máa ń jẹ́ ọ̀kan fún, ọ̀gá."

Wọ́n ń bá a lọ báyìí, ó ń bura, ọkùnrin náà ń fi àga kún àga, nígbà tí Bàbá Ìbejì já wọlé láti ìta, tó fi aṣọ ìgẹrun bo imú.

"Kí ló ń jóná?"

"Kí ló ń jóná?" ni àwọn méjèèjì bi í lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó sáré kọjá láàárín wọn, ó ṣí ilẹ̀kùn kíṣìnnì, èéfín dúdú sì jáde wá kí wọn. Kẹ́tùlù alájà méjì ló ń jóná. Ọkùnrin náà ti gbà pé inú ilé òkè ni omi ń gbé, ó rọ ọ́ síbẹ̀, ó fi ìsàlẹ̀ sórí iná lófìfo, ó sì gbàgbé rẹ̀. Rọ́bà àárín rẹ̀ ti yọ́ tán. Ó fi ṣíbí gbá a sínú síńkì, ó ṣí fèrèsé, ó padà wá, ó ń wúkọ́.

"Láti ìta ni mo ti ń gbóòórùn rẹ̀. Obìnrin ilé kejì ti fẹ́ pe panápaná. Ẹ̀yin méjèèjì jókòó tì í bí ẹni ń yáná."

Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wọlé sí i lórí díẹ̀díẹ̀: ìkòkò mẹ́rin, òórùn kọfí tó ń fọgbọ́n bi òun, èéfín tí kò gbóòórùn rẹ̀. Imú ìyàwó òun ti lọ. Ó wá wo ọ̀gá àgbà. Ìyá Ìbejì náà ti ń wo ọ̀gá àgbà tipẹ́.

Ọ̀gá àgbà fi ọwọ́ pa apá orí rẹ̀ tí irun ṣì wà.

"Ó pé ọdún mẹ́rin," ló wí. "Mo yọ̀ lórí àtẹ̀gùn, mo fi ìpàkọ́ gbálẹ̀. Nígbà tí mo dìde, imú ti lọ, ohun gbogbo ti di omi gbígbóná lẹ́nu mi."

Ọdún mẹ́rin. Láràárọ̀, bí Ìyá Ìbejì bá ti tọ́ ife wò tán, ọ̀gá àgbà á gba ṣíbí, á fà á sẹ́nu fòròrò, á dijú, á mi orí, á sì kọ iye tí obìnrin náà kọ. Ó máa ń wú Ìyá Ìbejì lórí pé ẹnu àwọn méjèèjì máa ń kò. Imú kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń fi ṣe iṣẹ́ imú méjì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí imú kan náà ti kú, Ìyá Ìbejì ṣì tọ́ ẹrù mẹ́ta wò. Ó kọ méje, méje, méje, nítorí méje kì í fa ẹjọ́. Igbákejì rẹ̀, obìnrin ọlọ́mọ méjì tó ti ń bá a ṣiṣẹ́ bọ̀ láti ọdún mẹ́fà, ní ẹrù kejì ń rùn bí àpò tí òjò pa. Ìyá Ìbejì wò ó títí obìnrin náà fi dákẹ́. Ọ̀gá àgbà sì mi orí.

"Àwa mẹ́ta péré la mọ̀," ni ọ̀gá àgbà wí. "Lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ kọ ohun tí ọkàn yín bá sọ. Èmi á mi orí."

"Kọfí ọdún kan gbáko."

"Àwọn tó ń mu ún, ṣé imú ni wọ́n fi ń mu ún?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá. Imú ni wọ́n fi ń mu ún."

"Bí ẹ bá sọ tiyín, wọ́n á bi mí ohun tí èmi ń gbóòórùn láti ọjọ́ yìí wá."

"Tiyín, ẹ̀yin lẹ lẹ́nu láti sọ ọ́. Èmi ò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Tèmi nìkan ni mo fẹ́ sọ."

Ọ̀gá àgbà wo ilẹ̀, ó wo òkè, ó yíjú sí Bàbá Ìbejì. "Ẹ jẹ́ ká lọ parí irun yìí," ló wí.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ife mẹ́wàá wà lórí tábìlì gígùn, àwọn tó fẹ́ ta kọfí tò sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú aṣọ tí wọ́n lọ̀. Ìyá Ìbejì kò jókòó. Ó ní imú òun ti kú láti ọjọ́ mẹ́rìnlá, pé ahọ́n nìkan ló kù, pé kí wọ́n tún ẹrù mẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó kọjá gbé wá fún ìtọ́wò, nítorí òun kọ nọ́ńbà tí òun kò gbọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ka àkókò ọkọ̀. Àwọn èèyàn ń wo ara wọn. Ẹnì kan nínú àwọn òǹtajà béèrè pé ta ló wá máa tọ́ kọfí wò fún wọn.

Ojú gbogbo wọn yí sí ọ̀gá àgbà. Ṣíbí wà níwájú rẹ̀. Ó gbé e, ó yí i lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé e sílẹ̀. "Ẹ má wò mí," ló wí. "Tèmi ti pẹ́ ju tirẹ̀ lọ."

Ariwo tó tẹ̀ lé e kò kéré, àmọ́ kọfí ń tutù, kọfí tó bá sì ti tutù, kò sẹ́ni tó lè tọ́ ọ wò dáadáa. Ìyá Ìbejì ti kúrò nídìí àga olórí, ó bọ́ sí ti ẹ̀gbẹ́. Ó fi ọwọ́ gbá àga tó fi sílẹ̀ fún igbákejì rẹ̀. Obìnrin náà jókòó sétí àga náà bí ẹni tí wọ́n máa tó lé dìde.

Ìyá Ìbejì fa ife àkọ́kọ́ sẹ́nu, ó tutọ́. Ó kọ ìwúwo. Ó kọ kíkan. Nígbà tó dé ibi òórùn nínú ìwé, ó fi í sílẹ̀ lófìfo, ó sún ìwé náà àti kálàmù sọ́wọ́ òsì.

Igbákejì rẹ̀ dojú kọ ife, ó mí kanlẹ̀, ó tún mí. Ó yíjú díẹ̀ sí Ìyá Ìbejì.

"Màmá, ẹ má bínú. Kò dáa o."

"Kí lo ń bẹ̀ mí fún? Kọ ọ́."

Ó kọ mẹ́ta.